Oyè Lẹ́tà ní Òkè-Ìlá

"Kí ọdún Kérésì tó wọlé," ni Tíṣà Bámgbóyè wí, ó sì na ìka sókè bí ẹni tó fẹ́ fi lu àjà ilé, "bí ẹ bá rí ọmọ kan nínú kíláàsì mi tí kò dá gbogbo lẹ́tà mọ̀ lójú, tí kò sì mọ ìró tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ wá sọ fún mi pé n kò kàwé rí."

Àwọn olùkọ́ yòókù ló ń wí fún nínú yàrá wọn. Ẹ̀pà ni wọ́n ń jẹ, ẹni tó bá sì ń jẹ ẹ̀pà kì í ráyè ìhàlẹ̀.

Ọdún 1978 ni, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Ìlá, nílùú Adó-Èkìtì. Ìjọba ti ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́, àwọn òbí sì ti kó ọmọ dé bí ìgbà tí wọ́n bá da àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ. Kíláàsì kìíní tí wọ́n fún Bámgbóyè kún débi pé àwọn mìíràn ń jókòó sórí fèrèsé. Ìyáàfin Ẹ̀bùnọlá, ọ̀gá ilé-ìwé, yóò fẹ̀yìn tì ní oṣù Kejìlá. Alábẹ̀wò kan sì ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ ní oṣù Kọkànlá, kíláàsì kìíní ni yóò wò, ohun tó bá rí níbẹ̀ ni yóò sì fi mọ ẹni tí àga ọ̀gá yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Gbogbo ilé-ìwé ló mọ ẹni tó fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí ìyá ọ̀gá lọ sí báńkì, Bámgbóyè ti wọlé lọ jókòó sórí àga náà wò. Ó ní ó bá ẹ̀yìn òun mu.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò bẹ̀rẹ̀ bí òmùgọ̀. Orin ni àwọn olùkọ́ yòókù fi ń kọ́ ọmọ ní lẹ́tà: a, bí, dí, gbogbo wọn á máa mì sọ́tùn-ún, wọ́n á máa mì sósì, ariwo á gba Òkè-Ìlá kan, ìyá tó ń kọjá lọ á sì máa rò pé ọmọ òun ti di lọ́yà. Ṣùgbọ́n nawọ́ sí M, kí o bi ọmọ náà pé kí nìyí. Àfi kó padà sídìí A, kó máa gun òkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fẹsẹ̀ kọ M. Òmíràn á tún kọjá rẹ̀, nítorí pé orin náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ayékòótọ́ lẹ̀ ń sìn," ni Bámgbóyè máa ń wí fún wọn. "Ọmọ kò mọ lẹ́tà, orin ló mọ̀."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun tó sọ òótọ́ yìí, kí ni òun náà rí ṣe? Ó fi àwòrán kọ́ wọn, àwòrán ni wọ́n ń wò. Ó fi pàṣán kọ́ wọn, pàṣán ni wọ́n ń wò. Oṣù Kẹwàá dé, kò rí nǹkan kan mú jáde ju ohùn tó há lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ló ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì tó bá àwọn bàbá arúgbó méjì tí wọ́n ń jà lẹ́bàá títì lórí ìdílé tó ni oyè kan. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti jẹ oyè náà gbẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá yìí ń wá gíláàsì ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà ní iwájú orí rẹ̀. Síbẹ̀, ó ka orúkọ gbogbo àwọn tó ti jẹ oyè náà láti ayé ogun wá, ahọ́n rẹ̀ kò kọsẹ̀ níbì kan. Bámgbóyè dúró sójú kan. Ó ní, áà, ohun tí a bá fi jẹ ará ìlú yìí lóyè, kò lè gbàgbé rẹ̀ mọ́ láé.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gé páálí mílíìkì sí wẹ́wẹ́, ó fi ọ̀dà dúdú kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí ara wọn, ó so okùn mọ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ọmọ joyè. Ó rò ó pé ewé akòko tí wọ́n fi ń jẹ oyè gidi ti pọ̀ jù fún ọmọdé, ó já ewé máńgòrò ní iwájú ilé-ìwé. Ọmọ á kúnlẹ̀, tíṣà á fi ewé kàn án lórí, á fi lẹ́tà kọ́ ọ lọ́rùn, ọmọ á dìde, á sọ pé: "Èmi ni B. B ló bẹ̀rẹ̀ bàtà, B ló bẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì." Kíláàsì á pàtẹ́wọ́. Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ló wà nínú èdè wa, ọmọ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bámgbóyè kò jẹ́ kí ìyẹn dà á láàmú. Ó kó àwọn tí lẹ́tà kò kàn sẹ́yìn, ó ní àwọn ni ará ìlú. Ìlú wo ni gbogbo èèyàn ti ń jẹ ìjòyè? Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́.

Iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ti mọ lẹ́tà rẹ̀ láti òkèèrè bí ẹran ṣe ń mọ olówó rẹ̀. Ìbílọlá, ọmọ ìyá tó ń ta abọ́ tánńganran ní Ọjà Ọba, ló jẹ G. Ó rí G lára àpò sìmẹ́ńtì, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó ní kí ìyá òun kọ́kọ́ kí i. Ìyá kí i. Ọmọ́ṣẹ̀yìndé tó jẹ Y rí tirẹ̀ lára ọkọ̀ akẹ́rù, ó sá tẹ̀ lé ọkọ̀ náà títí wọ́n fi lọ mú un padà. Ìyáàfin Ẹ̀bùnọlá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọmọ kan tó mọ U pé òun ló bẹ̀rẹ̀ ulé, bí àwa Èkìtì ṣe ń pe ilé, orí rẹ̀ wú, ó sì ní kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé mìíràn wá wò ó. Wọ́n wá. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ará ìlú.

Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú ẹjọ́. Akọ̀wé ni, onítáì, ẹni tí kì í tú táì bó bá tiẹ̀ ń pọn omi. Òun ni bàbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé.

"Tíṣà, mo gbọ́ pé Y lẹ fún ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó sì ń ṣe é dáadáa."

"Y ló kẹ́yìn."

"Nínú kíkà nìkan ni, sà."

"Ibòmíràn wo ni wọ́n tún ti ń kẹ́yìn? Bàbá mi kò kẹ́yìn, bàbá bàbá mi kò kẹ́yìn, lórí ọmọ mi lẹ wá fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀?"

Bámgbóyè rẹ́rìn-ín músẹ́. "Sà, bí ọba bá ń jáde, ta ló ń ṣíwájú? Ṣé kì í ṣe ọmọ tó ń lé ewúrẹ́ kúrò lọ́nà? Ta ló wá ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn?"

Adébíyìí ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó tún táì rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ náà, Ọmọ́ṣẹ̀yìndé kò fọ abọ́ nílé mọ́.

Nígbà tí bàbá Monínúọlá tó jẹ A gbọ́, òun náà dé. Bámgbóyè ní kó fọkàn balẹ̀, A ni olórí. Sàlámì télọ̀ dé. Gb ni ọmọ tirẹ̀, Ajíbádé, jẹ. Bámgbóyè ní ta ló tún lè bá Gb dù ú, oyè méjì lórí ẹnì kan ṣoṣo. Sàlámì lọ rán fìlà wá fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Báyìí ni ọkùnrin yìí ṣe fi olórí mẹ́ta sórí ìlú kan, tó sì ń sùn, tó ń han-anrun.

Nǹkan kan wà tí ì bá ti kó o láyà sókè bó bá jẹ́ ẹni tí nǹkan ń kó láyà sókè. Ó gbé K síwájú Ajíbádé lọ́jọ́ kan, ó ní kí nìyí.

"Kì í ṣe tèmi, sà."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe tìẹ. Kí ni?"

"Ti Olúbùnmi ni, sà."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Ajíbádé wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Bí mo bá pè é, Olúbùnmi á ní mo fẹ́ gbà á."

Dípò kí Bámgbóyè káwọ́ lérí, ńṣe ló pe olùkọ́ kíláàsì kejì wá gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ rí ọmọ tó mọ àyè ara rẹ̀? Ẹ̀kọ́ ilé àti ẹ̀kọ́ ìwé ni mò ń kọ́ wọn pọ̀."

Ibà wá gbé Ìbílọlá dè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ fa àbúrò rẹ̀ wọ kíláàsì. Ọmọ náà kéré débi pé bó bá na ọwọ́ kọjá lórí ara rẹ̀, ìka rẹ̀ kò lè kan etí òdìkejì, ìyẹn sì ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó tó ilé-ìwé lọ nígbà yẹn. G ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti dé e ní fìlà ọkùnrin.

"Ìyá Ìbílọlá, eléyìí kò tíì tó ilé-ìwé lọ."

"Kì í ṣe ilé-ìwé ló wá, Tíṣà. Adélé ló wá ṣe."

"Adélé kẹ̀?"

"Ṣé ẹ̀yin kì í ṣe ọmọ Èkìtì ni? Bí oyè bá ṣófo, ọmọbìnrin ilé kò níí dé fìlà kó jókòó dè é? Bí mo bá fi àga yẹn sílẹ̀ lásán, kí n tó dé Ọjà Ọba, ìdí ọmọ ẹlòmíràn á ti wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ oyè ọmọ mi, kó wá bá mi n'ulé."

Bámgbóyè rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó gba adélé láàyè. Adélé jókòó. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé adélé kì í bá ọmọdé ṣeré, kì í sì í ṣí ẹnu lásán láwùjọ. Ìyẹn ló mọ̀. Kò mọ G yàtọ̀ sí ìdodo ara rẹ̀.

Oṣù Kọkànlá dé, ó bá ìkórè kòkó. Tíṣà gidi ì bá ti rántí pé ní àsìkò yẹn, bàbá ń kó ọmọ lọ sóko ni. Bámgbóyè kò rántí. Ó ń ṣe ìdánrawò bí yóò ṣe máa rìn bí ó bá di ọ̀gá.

Alábẹ̀wò dé nínú ọkọ̀ ìjàpá. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé lorúkọ rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n àyà tó gbé síwájú tó ti ẹni méjì. Ìyáàfin Ẹ̀bùnọlá mú un wọlé, àwọn ọmọ dìde, wọ́n kí i, wọ́n jókòó. Adélé kò dìde. Àwọn òbí tó gbọ́ pé wọn yóò wo ìjòyè àwọn ti dúró sí fèrèsé. Adébíyìí wà níbẹ̀ pẹ̀lú táì, Sàlámì wà níbẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, Ìyá Ìbílọlá ti fi ọjà sílẹ̀ wá. Bámgbóyè wo inú kíláàsì, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àga tó ṣófo láàárín àwọn ìjòyè pọ̀ ju èyí tó ní èèyàn lọ. Ará ìlú nìkan ló pé. Ará ìlú kì í ní kòkó.

Olúgbádé kò tilẹ̀ tò ó láti A. Ó fa páálí kan yọ nínú àpò tirẹ̀. M ni.

"Ta ló mọ èyí?"

Àwọn ọmọ yíjú sí àga kan tó ṣófo.

"Ìwọ tó wọ ẹ̀wù búlúù."

Ajíbádé dìde. "Ẹni tó ni ín ti lọ sóko kòkó, sà."

"N kò béèrè olówó rẹ̀. Kí ni lẹ́tà yìí?"

"Ti Mojísọ́lá ni, sà. Bó bá ti oko dé, á sọ fún yín."

Alábẹ̀wò wo Bámgbóyè. Bámgbóyè wo àjà. Olúgbádé gbé K.

"Olúbùnmi ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí Ìyìn, sà."

Ó gbé G. Gbogbo kíláàsì yíjú sí adélé. Adélé wo alábẹ̀wò láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọmọ yìí, mo ní kí nìyí?"

"Adélé ni, sà," ni Ajíbádé bá a dáhùn. "Kì í bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn ńkọ́?" Olúgbádé gbé G sókè, ó gbé e kọjá lórí gbogbo wọn. "Kí lẹ mọ̀ nípa èyí?"

Àwọn ará ìlú pàtẹ́wọ́.

Ó gbé M padà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó gbé páálí tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i, èyí tilẹ̀ dún ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Òógùn ti wọ bàtà Bámgbóyè. Ó rí àga ọ̀gá tó ń yọ́ lọ bí òrí nínú oòrùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sétí Ajíbádé, ó ní, "Pè é. Mo yọ̀ǹda fún ọ. Pe M."

Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ti fi joyè kì í ṣe ọmọ tí a lè fi ọ̀rọ̀ etí tàn. "Ẹ kọ́kọ́ rọ Mojísọ́lá lóyè, sà."

Fèrèsé gbọ́ ọ. Ìyá Ìbílọlá ní ta ló fẹ́ rọ ta, ṣé nítorí pé èèyàn lọ sóko. Adébíyìí ní bó bá jẹ́ pé wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ìjòyè, òun ní ọmọ kan láàárín àwọn tó ń pàtẹ́wọ́, kí wọ́n rántí rẹ̀. Sàlámì ní ilé kan kò lè jẹ oyè méjì. Adébíyìí ní Gb tìrẹ ńkọ́, kì í ṣe méjì ni? Sàlámì ní kó tún un sọ kó di táì rẹ̀ mú. Wọ́n ti ń fa ara wọn láti ìta fèrèsé bọ̀ nínú.

Olúgbádé lu tábìlì. "Ta ló kó irú wèrè báyìí wọ ilé-ìwé ìjọba?"

Ẹ bá mi wo Bámgbóyè, ọkùnrin tó ń sọ pé òun kàwé. Gbogbo rẹ̀ ti tán lójú rẹ̀, ó ti ń wo ẹnu ọ̀nà.

Adébíyìí, pẹ̀lú táì tó ti yí sí ẹ̀yìn ọrùn, ló ti orí fèrèsé bọ́ sínú yàrá. "Ẹ má bínú, sà. Olúgbádé lẹ pe orúkọ yín?"

"Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

"O ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sà. O sì ṣófo. Wọ́n gbé bàbá ọmọ tó jẹ ẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó gbé ọmọ dání, páálí rẹ̀ ló wà lórí ìṣó yẹn. Kò sí adélé. Kò sí ẹni tó ń dù ú."

Ẹnikẹ́ni ní Òkè-Ìlá kò mọ̀ pé alábẹ̀wò yìí ti ń wá oyè ní ìlú tirẹ̀ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n ti fò ó dá títí ọrùn fi ro ó. Èyí tí wọ́n fi jẹ gbẹ̀yìn, àbúrò rẹ̀ tó ń tún táyà ṣe ni wọ́n fi jẹ ẹ́, òun alábẹ̀wò ló sì ra bàtà tí ìyẹn wọ̀ lọ sí ààfin.

Ó wo O tó wà lórí ìṣó. Ó wò ó pẹ́. Àyà tó gbé síwájú rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

"Ṣé A kò ju O lọ?" Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ilé ìyàgbẹ́ lọ́wọ́ àlejò ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀mí padà sára Bámgbóyè. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, sà? Ẹ wo A, gbogbo rẹ̀ ló ya ẹnu sílẹ̀ nísàlẹ̀. O ló yípo bí adé."

Ó ti já ewé máńgòrò kí gbólóhùn náà tó parí. Alábẹ̀wò ilé-ìwé, ẹni tí ìjọba gbé mọ́tò fún, bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Adébíyìí tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ orúnkún rẹ̀. Sàlámì wọn orí rẹ̀ fún fìlà. Bámgbóyè fi ewé kàn án, ó fi O kọ́ ọ lọ́rùn. Ajíbádé rán an létí ohun tó yẹ kó sọ, nítorí àgbà ìjòyè ni í kọ́ tuntun.

"Èmi ni O," ni Olúgbádé wí. "O ló bẹ̀rẹ̀ Olúgbádé."

Wọ́n ní kó mú òmíràn. Ó ní kò sí òmíràn.

Àwọn ará ìlú pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìbílọlá ní kó wá bá òun lọ́jà, abọ́ ìjòyè kì í ṣe abọ́ yẹpẹrẹ. Alábẹ̀wò dìde, ó gbọn orúnkún, ó di ọwọ́ Bámgbóyè mú.

"Tíṣà, ó pẹ́ tí mo ti ń rin ilé-ìwé kiri," ló wí. "Ibi tí wọ́n ti mọ èèyàn níyì, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ohun tí n óò sọ ní Àkúrẹ́ nìyẹn. Ẹ lọ máa múra àga yín."

Bámgbóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tó dìde, ó ti ń rìn bí ọ̀gá. Sàlámì àti Adébíyìí di mọ́ra wọn. Gbogbo ojú wá yí sí Ìyáàfin Ẹ̀bùnọlá lẹ́nu ọ̀nà, kí òun tí àga fẹ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀ súre fún wọn.

"Ẹ kú oríire," ni ìyá wí. "Ẹni tó mọ̀wé jù nínú gbogbo yín mọ lẹ́tà kan ṣoṣo."